Ṣé O Mọ̀ Pé Dùùrù Kì Í Bi Èèyàn Léèrè Ọjọ́ Orí?

Mo ti ń ṣa ìyanu nípa dùùrù píánò jọ tipẹ́, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn láti tú àpò náà sílẹ̀ fún ọ lónìí. Bí o bá ti ń sọ pé ọmọ rẹ ṣì kéré jù, tàbí pé ìwọ fúnra rẹ ti dàgbà jù, kà á dé ìparí kí o tó tún un sọ.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí inú rẹ̀ wò

Ṣé o mọ̀ pé kíì 88 ló ń dúró de ìka rẹ 10 lórí píánò? Funfun 52, dúdú 36, ìka 10 náà sì kájú gbogbo wọn.

Ṣé 88 kò tó ọ? Ilé iṣẹ́ Bösendorfer ní Vienna ṣe èyí tó ní 97!

Okùn irin tó wà nínú píánò ńlá kan tó nǹkan bí 230. Bí a bá ro agbára tí wọ́n fi fa gbogbo wọn le pọ̀, ó lè tó tọ́ọ̀nù 20, ìyẹn ìwúwo erin mẹ́ta ó kéré tán. Ọmọ ọdún 4 á sì fi ìka kan ṣoṣo mú un kọrin.

Gbọ́ èyí náà: ẹ̀yà tí wọ́n tò pọ̀ di píánò Steinway ńlá kan ju 12,000 lọ. Tìrẹ ni kí o tẹ̀ ẹ́. Àwọn yòókù mọ iṣẹ́ wọn.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe é? Bartolomeo Cristofori ni, ní ìlú Florence ní Ítálì, ní nǹkan bí ọdún 1700. Mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù lágbàáyé nínú èyí tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ti ọdún 1720, sì wà ní Metropolitan Museum ní New York.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé lílù ni wọ́n ń lu píánò? Òòlù kéékèèké tí wọ́n fi irun àgùntàn bò ló ń lu okùn nínú rẹ̀, nítorí náà ọmọ onílù kì í ṣe àjèjì níbẹ̀ rárá.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò

Ṣé o mọ̀ pé afárá wà nínú orí rẹ? Iṣan ọpọlọ ni, ó so apá ọ̀tún mọ́ apá òsì. Nígbà tí Gottfried Schlaug àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọpọlọ àwọn olórin wò ní 1995, iwájú afárá náà tóbi jù lọ lára àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ orin kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 7.

Ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀, fún oṣù 15, ó parí! Gbogbo ẹ̀kọ́ kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fún àwọn ọmọ bí ọdún 6 nìyẹn nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2009. Nígbà tí wọ́n tún ya àwòrán ọpọlọ wọn, ibi tó ń darí ọwọ́ àti ibi tó ń gbọ́ ohùn ti yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ wọn tí kò kọ́ ọ.

Ní Toronto, ọmọ ọdún 6 tí iye wọn jẹ́ 144 ni wọ́n pín sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́: àwọn kan kọ́ kíbọ́ọ̀dù, àwọn kan kọ́ orin kíkọ, àwọn kan kọ́ eré ìtàgé, àwọn kan kò kọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 36, àwọn tó kọ́ kíbọ́ọ̀dù àti orin fi díẹ̀ ta àwọn yòókù yọ nínú ìdánwò làákàyè. Àwọn eléré ìtàgé ńkọ́? Ìbáṣepọ̀ wọn pẹ̀lú èèyàn ló gbé pẹ́ẹ́lí sí i.

Ìwọ tó ń sọ Yorùbá, súnmọ́ ibí! Ní Beijing, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi 74 tí èdè ilé wọn jẹ́ èdè olóhùn bíi tiwa ni wọ́n dán wò. Oṣù 6 ni àwọn kan fi kọ́ píánò, ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjì tí kọ́ńsónáǹtì kan péré yà sọ́tọ̀, ju àwọn tó fi àkókò kan náà kọ́ ìwé kíkà lọ.

Ó tún kù! Olùṣèwádìí Diana Deutsch dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin tó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 4 sí 5 wò, bóyá wọ́n lè dárúkọ ohùn tí wọ́n bá gbọ́ láìwo dùùrù. Ní Beijing, nǹkan bí 60 nínú 100 ló mọ̀ ọ́n; ní ilé ẹ̀kọ́ orin kan ní Amẹ́ríkà, 14 péré nínú 100. Ó gbà pé èdè olóhùn wà lára ohun tó fà á. Èdè wo lò ń bá ọmọ rẹ sọ nílé?

Àbí o ti gbàgbé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Dò, re, mí ni wọ́n fi kọ́ ọ ní àmì ohùn Yorùbá, nítorí náà etí rẹ ti gba ẹ̀kọ́ orin kí ọwọ́ rẹ tó kan kíì kankan.

Ṣé o mọ ọmọdé tó ń jí ní aago 5 ìdájí nítorí píánò? Harry Truman ni, ọmọ àgbẹ̀ ní Missouri. Ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1945, ó sì ń tẹ dùùrù náà lọ nílé ìjọba.

Ìwọ tí o ní o kò ráyè

20 ìṣẹ́jú lójúmọ́ ńkọ́, ṣé ìyẹn náà kò sí? Alan Rusbridger, olóòtú ìwé ìròyìn Guardian nígbà náà ní London, ti lé ní 50 ọdún nígbà tó pinnu láti kọ́ Ballade kìíní ti Chopin, orin tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn àgbà ọ̀jẹ̀. Bí ìròyìn ńlá ṣe ń ya lù ú tó, ìwọ̀n ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ló ń jí lò láràárọ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ lójú èèyàn.

Ọmọ ọdún 24 ni Ignacy Paderewski kó tó lọ jókòó sábẹ́ Leschetizky, àgbà olùkọ́ ní Vienna. Ó gbajúmọ̀ káàkiri ayé, ó sì tún di olórí ìjọba Poland ní 1919!

Lucas Debargue ti ilẹ̀ Faransé ti pé ọmọ ọdún 11 kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì tún pa á tì fún ọdún mélòó kan nígbà tó di ọ̀dọ́. Ní 2015, ipò kẹrin ló mú nínú ìdíje Tchaikovsky ní Rọ́ṣíà, ọ̀kan nínú èyí tó le jù láyé.

Ẹ̀kọ́ oògùn pípò ni Winifred Atwell láti Trinidad kọ́kọ́ kọ́. Ọwọ́ tó ń po oògùn náà ló tẹ píánò ní 1954 tó fi di èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tí orin rẹ̀ gba ipò kìíní ní Britain.

Ṣé o rò pé àwọn onísáyẹ́ǹsì kì í ráyè orin? Max Planck àti Werner Heisenberg, tí àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì, mọ píánò tẹ̀ dáadáa. Díẹ̀ ló kù kí Planck fi orin ṣiṣẹ́ ṣe.

Ìdánwò orin ABRSM ti Britain, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1889, ní ìpele 8, kò sì sí èyí tó ní kí àgbà má jókòó síbẹ̀. Bàbá àti ọmọ lè ṣe ti ìpele kìíní ní ọjọ́ kan náà!

Ìdènà dà?

Iná mànàmáná gba apá méjèèjì lọ́wọ́ Liu Wei, ará Ṣáínà, ní ọmọ ọdún 10. Ó ti di géńdé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ́ píánò, ó sì gbégbá orókè nínú ìdíje China's Got Talent ní 2010.

Ogun Àgbáyé Kìíní gba apá ọ̀tún Paul Wittgenstein, atẹdùùrù ará Austria. Ó ní kí àwọn tó ń kọ orin sílẹ̀ kọ ti ọwọ́ òsì nìkan fún òun. Èyí tí Maurice Ravel kọ fún un ṣì ń mú ẹni tó ní ọwọ́ méjèèjì làágùn títí dòní.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Nobuyuki Tsujii ní Japan, kò fi ojú rí kíì kan rí. Ní 2009, òun àti ẹnìkan ni wọ́n jọ gba wúrà nínú ìdíje Van Cliburn ní Texas.

Ṣé o mọ̀ pé kíbọ́ọ̀dù ń ran ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù lọ́wọ́? Ní Jámánì, nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2007, wọ́n fi títẹ kíbọ́ọ̀dù àti lílu ìlù oníná kún ìtọ́jú àwọn aláìsàn fún ọ̀sẹ̀ 3, ọwọ́ wọn sì yá sí i ju ti àwọn tí kò rí orin gbà lọ.

Àwa náà kò gbẹ́yìn

Ọdún 48 gbáko! Bí T. K. Ekundayo Phillips ṣe pẹ́ tó nìyẹn nídìí dùùrù ńlá ìjọ Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ọwọ́ lára rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé. Iṣẹ́ ẹnjinníà ló tìtorí rẹ̀ lọ sí London. Píánò jáàsì ló fi ń rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀, nígbà tó sì di 1944, ó kọ African Suite tí ayé ṣì ń lò.

Fẹlá míì ńkọ́? Ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n rán Fẹlá Kútì lọ kọ́ ní 1958. Trinity College of Music ló wọ̀, kò sì sí ẹni tó ń bínú sí i mọ́ lónìí!

Ṣé o mọ̀ pé ọdún kan náà, 1935, ni wọ́n bí Akin Euba àti Ayọ̀ Bánkọ́lé, àgbà méjì nínú orin píánò ilẹ̀ wa? Euba ní kí a máa tẹ píánò bí ẹni ń lu ìlù ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì fi èrò yẹn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí dé yunifásítì Pittsburgh.

Bàtá wa wọ inú orin àwọn atẹdùùrù Cuba! Bebo Valdés mú ìlù bàtá wọ orin ijó tó gbé jáde ní 1952, Chucho ọmọ rẹ̀ náà sì mú un wọ ẹgbẹ́ Irakere. Bàbá àti ọmọ yìí kan náà, ọjọ́ 9 oṣù October ni wọ́n bí àwọn méjèèjì!

Ìgbà téèyàn bá jí ni òwúrọ̀ rẹ̀

Bebo yìí kan náà fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ píánò ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Sweden, ayé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ní 1994, ó ti lé ní 75 nígbà tó tún gba orin sílẹ̀ fún rẹ́kọ́ọ̀dù, gbogbo ayé bá dìde sí i lẹ́ẹ̀kejì.

Emahoy Tsegué-Maryam Guèbrou, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn láti Ethiopia, ti lé ní 80 ọdún nígbà tí àkójọ orin píánò rẹ̀ jáde ní 2006 tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Ẹni 99 ọdún ni nígbà tó lọ sinmi ní Jerúsálẹ́mù.

Atẹdùùrù Mieczysław Horszowski gbé ìyàwó àkọ́kọ́ ní ẹni ọdún 89! Ó sì tún jókòó sídìí píánò níwájú èrò ní 1991, nígbà tó pé 99.

Atẹdùùrù Menahem Pressler ti pé 90 kó tó kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ olórin Berlin Philharmonic ṣeré. Kí lo ní o ti dàgbà jù fún?

Ẹni ọdún 109 ni Colette Maze ti ilẹ̀ Faransé nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ tún jáde ní 2023. Ọmọ kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀, ṣírò rẹ̀: nígbà náà, ó ti lé ní 100 ọdún tí ìka rẹ̀ ti ń rìn lórí kíì.

Alice Herz-Sommer tẹ píánò ní ìgbà tó ju 100 lọ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àgọ́ Terezín tí àwọn Nazi kó wọn sí. Ó la ibẹ̀ já, ó sì gbé ayé títí di 2014, ẹni ọdún 110.

O ní àwọn yẹn ti mọ̀ ọ́n tẹ̀ láti kékeré? Ó dáa, wo àwọn tí kò mọ dò yàtọ̀ sí re. Olùṣèwádìí Jennifer Bugos kó àwọn ẹni ọdún 60 sí 85 jọ ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn oṣù 6 ẹ̀kọ́ píánò, ọpọlọ wọn yá sí i nínú ìdánwò ìfọkànsí àti ìyára.

Ní Switzerland àti Jámánì, àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì 132, ẹni ọdún 62 sí 78, gba ẹ̀kọ́ fún oṣù 6: àwọn kan kọ́ píánò, àwọn kan kọ́ bí a ṣe ń tẹ́tí sí orin. Iyè àwọn méjèèjì sunwọ̀n sí i, ṣùgbọ́n ibi tí ọpọlọ fi ń gbọ́ ohùn dín kù lára àwọn tó ń tẹ́tí, ti àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ dúró digbí.

Ní Spain, oṣù 4 péré làwọn àgbàlagbà fi kọ́ píánò nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2013. Kì í ṣe ọpọlọ wọn nìkan ló yá, ọkàn wọn pẹ̀lú fúyẹ́, ìbànújẹ́ dín kù.

Ìwọ ọmọ ilẹ̀ ìbejì, èyí ni mo fi pamọ́ fún ọ. Ní Sweden, wọ́n wo ìbejì 157 tí àrùn ìgbàgbé ti mú ọ̀kan nínú wọn tí kò mú èkejì. Èyí tó ń lo ohun èlò orin nígbà àgbà, ewu àrùn náà fi ìdá 64 nínú 100 kéré sí ti èkejì rẹ̀. Èdùmàrè má jẹ́ kí iyè wa ra o!

O ò ní dùùrù nílé?

Gbọ́ àrà yìí ná. Ní 1995, olùṣèwádìí Alvaro Pascual-Leone ní kí àwọn kan fi ìka márùn-ún tẹ orin kékeré kan ní wákàtí 2 lójúmọ́ fún ọjọ́ 5, kí àwọn míì sì kàn jókòó, kí wọ́n máa fi ọkàn tẹ̀ ẹ́. Ibi tó ń darí ìka nínú ọpọlọ àwọn méjèèjì gbòòrò sí i!

Nítorí náà, o lè bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun lálẹ́ òní: àtàǹpàkò ni dò, ìka tó tẹ̀lé e ni re, bẹ́ẹ̀ títí dé ọmọńdinrín. Tó bá di ọjọ́ ìsinmi, dúró de atẹdùùrù ìjọ yín lẹ́yìn ìsìn, kí o ní kó fi ibi tí dò wà hàn ọ́.