Ìtọ́jú Ohùn Nínú Yàrá Ìgbohùnsílẹ̀ Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò kan gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ máa gba ohùn sílẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu-dùn-ju-iyọ̀, kò ṣe aláìní ohùn. Ìlú dadakúàdà ni, ìlú Ọdọláyé Àrẹ̀mú àti Jáígbadé Àlàó. Ìlú wákà àti kéwú ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà tí ó mọ oríkì àti ìtàn ìdílé wọn kò ní dé ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì láé. Yàrá ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ wọn ni a ó ti gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí yàrá bá ba ohùn bẹ́ẹ̀ jẹ́, tí ọlọ́jọ́ sì dé, ta ni a ó tún pè kí ó wá sọ ọ́?

Ohun méjì ní ń ba ohùn jẹ́. Èkíní ni ariwo ìta: jẹnẹrétọ̀, ọ̀kadà, òjò orí páànù. Ìwúwo àti dídí ihò ni oògùn rẹ̀: ilẹ̀kùn tí ó wúwo, rọ́bà yí etí rẹ̀ ká, àti yíyan àkókò tí àdúgbò bá pa rọ́rọ́.

Èkejì ni gbohùngbohùn inú yàrá fúnra rẹ̀. Ohùn a máa rin nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,130 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú yàrá tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó lè ti ara ògiri kan dé ara èkejì ní ìgbà 90 kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Ògiri búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì àti gíláàsì fèrèsé kì í gbé e mì; ńṣe ni wọ́n ń dá a padà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò tíì parẹ́ tí èkejì fi dé, wọn a sì lọ́ mọ́ra.

Ní ọdún 1895, wọ́n bẹ Wallace Clement Sabine, olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, pé kí ó tún gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe, nítorí ìró a máa pẹ́ níbẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ. Òru ni ó ń kó tìmùtìmù wọ ibẹ̀, tí ó sì ń wọn bí ìró ṣe ń tètè kú. Ó fi hàn pé bí yàrá bá ṣe tóbi tó ni ohun rírọ̀ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe pọ̀ tó.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Wọn kò ní páálí ẹyin ni kí a fi tọ́jú rẹ̀. Páálí tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò dá ariwo ìta dúró. Fóòmù fẹ́lẹ́ náà, ohùn òkè nìkan ni ó ń gbé mì. Kò ran ohùn ìsàlẹ̀ ìyá ìlù. Ẹ kan férémù pákó tí ó jinlẹ̀ tó ínǹṣì 4, ẹ kó òwú tàbí ìrépé aṣọ ọ̀dọ̀ télọ̀ kún un, kí ẹ fi aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá bò ó. Ẹ má ṣe kàn án mọ́ ògiri. Ẹ ṣe ẹsẹ̀ fún un. Bí bàbá bá ń sọ̀tàn, ẹ gbé e yí i ká. Bí onílù bá dé, ẹ sún díẹ̀ sẹ́yìn, nítorí bí a bá bo gbogbo ògiri, ìlù yóò dún bí ẹni tí a fi aṣọ dì lẹ́nu. Igun yàrá ni ohùn ìsàlẹ̀ ń kó jọ sí. Ẹ má ṣe gbàgbé ibẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan kù. Ní ọdún 2003, iná ràn mọ́ fóòmù ara ògiri ilé ijó kan ní Rhode Island, ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 100 kú. Irú rẹ̀ pa ènìyàn 242 ní Santa Maria, ní Brazil, ní ọdún 2013. Èéfín fóòmù májèlé ni, òwú náà sì ń jó. Ẹ jìnnà sí àbẹ́là àti wáyà tí ó ti bó, kí ẹ má sì dí ọ̀nà àbájáde.

Kí ẹ tó pe àgbà jókòó, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín yàrá. Bí yàrá bá ń dá yín lóhùn, iṣẹ́ ṣì kù.