Ìtọ́jú Ahun Ní Ẹ̀yìnkùlé Wa Ní Kano

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣe ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan tí yóò wúlò fún ìdílé, ahun ni ó wá sí mi lọ́kàn. Àwọn kan nínú wa ní Sabon Gari ń sin ín ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, àìmọ̀ mi ni ó sì pa àkọ́kọ́ tí mo ní.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún 2009, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ Hausa fún mi ní ahun kan tí kò tóbi ju àwo ọbẹ̀ lọ. Kunkuru ni àwọn ń pè é. Abúlé kan ní ìhà Oǹdó ni mo dàgbà sí, níbi tí a ti máa ń rí ahun lábẹ́ ewé kòkó, nínú ọ̀rinrin, tí ó ń jẹ olú, ìgbín àti èso tí ó já bọ́. Mo rò pé ahun kan náà ni. Mo bá ṣe ibùgbé fún un lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í gbẹ. Ìyàwó mi ń fún un ní ìrẹsì, búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n, àwọn ọmọ sì ń fi ẹran díẹ̀díẹ̀ kún un. Ó ń jẹ gbogbo rẹ̀, inú wa sì ń dùn.

Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣóńṣó ṣóńṣó. Nígbà tí ọyẹ́ ọdún 2011 dé, ikun ń dà ní imú rẹ̀, ó ń la ẹnu kí ó tó lè mí, kò sì jẹun mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kú. Àbíkẹ́yìn wa, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, bi mí pé, "Dádì, ṣé oúnjẹ tí à ń fún un ni kò tó?" N kò rí èsì fọ̀. Oúnjẹ wa gan-an wà lára ohun tí ó pa á.

AHUN MÉJÌ, ÌLÚ MÉJÌ

Dókítà ẹranko kan ni ó là mí lójú lẹ́yìn náà. Ahun inú igbó ilé wa kì í tóbi púpọ̀, apá ẹ̀yìn ìkarahun rẹ̀ sì ṣeé ká mọ́lẹ̀ bí ìlẹ̀kùn. Abẹ́ igi àti ọ̀rinrin ni ó mọ̀. Èyí tí a ń rí ní òkè ọya níhìn-ín, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sulcata, ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ ni. Etí aṣálẹ̀ Sàhárà ni ilé rẹ̀, láti Senegal títí dé Sudan àti Ethiopia. Ó ní ìwo líle lára itan ẹ̀yìn rẹ̀. Akọ rẹ̀ lè wọ̀n ju 80 kìlógíráàmù lọ, ìyẹn sì ju àpò ìrẹsì ńlá kan àtààbọ̀ lọ. Koríko ni ó ń jẹ, oòrùn ni ó ń yá. Bí ẹ bá ti mọ ibi tí ó ti wá, ìtọ́jú rẹ̀ kò le mọ́.

IBÙGBÉ RẸ̀

Ilẹ̀ gbígbẹ tí oòrùn ń kàn ni ó fẹ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni kí a fi síméǹtì bò. Ẹ fi igi dóńgóyárò tàbí máńgòrò kan sílẹ̀ fún ibòòji. Ahun yìí máa ń gbẹ́ ihò jìn kí ó lè sá fún ooru, nítorí náà kí ìpìlẹ̀ ògiri ọgbà rẹ̀ wọlẹ̀ dáadáa. Wáyà kò dára, nítorí pé ohun tí ó bá rí ní òdìkejì ni yóò máa fi agbára tì í lọ bá. Ẹ bo kànga àti ṣalángá.

Ẹ kọ́ yàrá kékeré kan fún un ní ibi tí ó ga, kí àgbàrá má baà wọ̀ ọ́, kí ẹ sì tẹ́ koríko gbígbẹ sínú rẹ̀. Ara ahun kì í mú ooru tirẹ̀ jáde bíi tiwa. Bí ilẹ̀ bá tutù, òun náà yóò tutù. Ní àsìkò ọyẹ́, ní òru tí àwa fúnra wa bá ń wá bùláńkẹ́ẹ̀tì, ẹ tì í mọ́ yàrá, kí ẹ sì gbé àwọn kékeré wọlé. Òtútù pẹ̀lú ọ̀rinrin ni ó pa tèmi.

OÚNJẸ ÀTI OMI

Bí a bá pín oúnjẹ rẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún, kí mẹ́rin jẹ́ koríko, tútù tàbí gbígbẹ. Ẹ lè fi ewé ànàmọ́ díẹ̀ kún un. Ẹ lọ èèpo ẹyin gbígbẹ kúnná sórí rẹ̀ nígbà mìíràn, kí egungun rẹ̀ lè le. Ẹ má fún un ní búrẹ́dì, ìrẹsì, ẹ̀bà, ẹ̀wà tàbí ẹran. Èso dídùn kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́ rẹ̀. Ẹ má gbin ọrọ́ tàbí bòtújẹ̀ sí ọgbà rẹ̀, nítorí pé májèlé ni wọ́n. Ẹ sì máa ṣa ọ̀rá "pure water" nílẹ̀, nítorí pé ó lè gbé e mì, kí ó sì dí i ní ìfun.

Ẹ gbé omi sínú àwo tí kò jìn. Èyí tí ó kéré, ẹ máa fi í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò dé àgbọ̀n rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ìtọ̀ funfun rẹ̀ bá le bí òkúta, omi kò tó o.

OHUN TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA FÚN

Ẹ má lu ìkarahun rẹ̀ lu láti fi okùn so ó. Egungun alààyè ni, ó sì ń dùn ún. Ẹ má fi akọ méjì pọ̀, wọn yóò jà títí ọ̀kan yóò fi dojú èkejì dé. Ahun tí ó bá dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn nínú oòrùn lè kú kí ẹ tó ti ọjà dé. Kí àwọn ọmọ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e, nítorí kòkòrò tí ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Bí imú rẹ̀ bá ń ṣomi, bí ojú rẹ̀ bá wú, tàbí bí kò bá jẹun nígbà tí ooru mú, ẹ tètè pe dókítà ẹranko. Ahun máa ń fi àìsàn pamọ́ pẹ́.

TA NI YÓÒ JOGÚN RẸ̀?

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín wa mọ Alágba, ahun ààfin Ṣọ̀ún tí ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019. Ààfin sọ pé ó pé ọdún 344; àwọn onímọ̀ ẹranko kò gbà pé ahun lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Jonathan, ahun ńlá tí ó wà ní erékùṣù Saint Helena láti ọdún 1882, pé nǹkan bí ọdún 190 ní 2022. Sulcata náà lè lò ju àádọ́ta ọdún lọ. Ẹni tí ó bá gbà á ní ẹni ọgọ́ta ọdún kò ní rí òpin rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ra èyí tí wọ́n mú láti inú igbó. Wọ́n ti ń tán lọ níbẹ̀, àdéhùn àgbáyé kò sì gbà kí a kó èyí tí a mú nínú igbó lọ tà ní ilẹ̀ òkèèrè láti ọdún 2000. Èyí tí mo ní báyìí, aládùúgbò kan tí ó ń kó kúrò ní Kano ni ó fi lé mi lọ́wọ́ ní ọdún 2013. Ó ti tó bàsíà ìfọṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dán. Àbíkẹ́yìn wa tí ó bi mí ní ìbéèrè ọjọ́sí ni ó ń gé koríko fún un, òun ni mo sì ti sọ fún gbogbo ilé pé yóò jogún rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ahun wọlé, kí ó kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò máa gé koríko fún un lẹ́yìn òun.