Àpótí asẹ́ afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe: ohun tó lè mú àti ohun tí kò lè mú

Tí ọyẹ́ bá ti wọlé, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí. Ẹ nu tábìlì láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, eruku ti tún bò ó. Eruku yẹn kan náà là ń fà símú. Tí èéfín sítóòfù, ti oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń dáná sí àti ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá tún dà pọ̀ mọ́ ọn, ara ò ní gba afẹ́fẹ́ inú yàrá mọ́, pàápàá ara ọmọdé, àgbàlagbà àti ẹni tó ní asthma.

Ẹ̀rọ tó ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́ wà lọ́jà, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìdí nìyẹn tí àpótí kan tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà fi yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2020, nígbà tí kòrónà gbòde, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Richard Corsi, dábàá pé èèyàn lè so asẹ́ mọ́ fáànù lásán. Jim Rosenthal, tó ní iléeṣẹ́ asẹ́ afẹ́fẹ́ ní Texas, ló ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀. Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ń pe àpótí náà. Wọ́n lò ó nílé ẹ̀kọ́, wọ́n sì lò ó nílé nígbà tí èéfín iná igbó bo ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹ rántí bí a ṣe ń sẹ́ ògì: ògì á kọjá, eèrí á kù sínú asẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Fáànù á fa afẹ́fẹ́ yàrá gba ara asẹ́ mẹ́rin kọjá, eruku á há síbẹ̀, afẹ́fẹ́ tó mọ́ á jáde lókè. Asẹ́ tí wọ́n ń lò ni MERV 13, irú tí wọ́n ń fi sínú AC àwọn ilé ńlá. Nínú ẹyọ eruku 100 tí fífẹ̀ rẹ̀ wà láàárín máíkírónì 1 sí 3, ó kéré tán, ó ń mú 85. Irun orí èèyàn nípọn tó nǹkan bíi máíkírónì 70, ẹ wá wo bí eruku yẹn ṣe kéré tó.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é

1. Ẹ wá asẹ́ MERV 13 mẹ́rin tí ìbú àti òró kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 20, fáànù onígun mẹ́rin tó ṣe déédéé rẹ̀, páálí, àti téèpù fífẹ̀ tó lẹ̀ dáadáa.
2. Ẹ to asẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ògiri yàrá. Àmì ọfà tó wà lára wọn gbọ́dọ̀ kọjú sínú.
3. Ẹ fi páálí dí ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ gbé fáànù sórí, kó máa fẹ́ sókè.
4. Ẹ fi téèpù dí gbogbo àlàfo. Ibi tó bá jò ni eruku máa gbà.
5. Ẹ dá ihò róbótó sí páálí kan, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fáànù, kó bo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí afẹ́fẹ́ má baà gba ibẹ̀ padà wọlé.

Ẹ ti fèrèsé kẹ́ ẹ tó tàn án. Tí asẹ́ bá ti dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa

Eruku àti èéfín tó fojú hàn ni àpótí yìí ń dín kù. Kò lè mú carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde látinú jẹnẹrétọ̀ àti èédú. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó ń gba inú asẹ́ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Òun ló máa ń pa odindi ìdílé mọ́jú.

Nítorí náà, ẹ má torí àpótí gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí bálíkónì. Ó kéré tán, kó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ yàrá. Tí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín tàbí tí èébì ń gbé yín níbi tí nǹkan ti ń jó, ẹ jáde síta kíá, kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Lọ́rọ̀ kan: tó bá jẹ́ eruku, ẹ ti fèrèsé kẹ́ ẹ tan àpótí. Tó bá jẹ́ iná ló ń jó nínú ilé, ẹ pa á, kẹ́ ẹ ṣí gbogbo fèrèsé. Ẹ̀mí ò láàárọ̀.