Ọmọ Ń Kàwé, Kò Yé E: Iṣẹ́ Tí Ìwé Àlọ́ Aláwòrán Lè Ṣe

Ọmọ kan lè ka ojú ìwé kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìkọsẹ̀, kí ohùn rẹ̀ já gaara, kí àwọn òbí rẹ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún un, síbẹ̀ kó má lè sọ ohun tó kà. Àwọn olùkọ́ kíláàsì kejì àti ìkẹta mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn náà, ojú ìwé ni yóò tún wò, yóò wá gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ ti ìbéèrè náà, yóò sì kà á jáde bó ṣe wà. Nígbà mìíràn, ó máa ń bọ́ sí i, olùkọ́ a sì fún un ní máàkì. Àjọ UNICEF ti sọ ọ́ láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn pé nínú àwọn ọmọ ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kó yé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ tí kò rí ilé-ìwé lọ. Inú kíláàsì ni wọ́n jókòó sí, wọ́n wọ aṣọ ilé-ìwé, ìwé sì wà níwájú wọn.

Lọ́dún 1986, Philip Gough àti William Tunmer gbé àlàyé kan kalẹ̀ tí àwọn tó ń ṣèwádìí ìwé kíkà ṣì ń lò títí dòní. Wọ́n ní ohun méjì ló para pọ̀ di ìwé kíkà: kí ọmọ lè pe ọ̀rọ̀ jáde láti ara lẹ́tà, kí èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ sì yé e. Wọ́n ní a kì í ro méjèèjì pọ̀, ńṣe là ń sọ ọ̀kan di ìlọ́po èkejì; bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo náà ni yóò jáde, bó ti wù kí èkejì pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni wa ló ń sapá gidi lórí apá àkọ́kọ́. Wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà, wọ́n ń so ìró pọ̀ di sílébù, wọ́n ń so sílébù pọ̀ di ọ̀rọ̀, iṣẹ́ rere sì ni. Apá kejì ni wọ́n fi sílẹ̀ bí ẹni pé yóò wá fúnra rẹ̀. Kò ní í wá fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìwé àlọ́ aláwòrán, èyí tí a máa ń fún ọmọ nígbà tí iṣẹ́ bá tán, ló yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ náà gan-an: òun ni ọ̀nà tó kúrú jù lọ tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé lè gbà dé ibi àkàyé, kó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí kíkọ èrò ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ wo Arepo. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, òun àti Magboro, Ibafo àti Mowe tò tẹ̀ lé ara wọn. Ifọ̀ wà ní tirẹ̀ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó ń gbé àwọn ìlú yìí, Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ oòjọ́. Òbí jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì lè má wọlé títí ọmọ yóò fi sùn. Wákàtí ìrọ̀lẹ́ tí àgbà ilé fi ń pàlọ́ fún ọmọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti gbà á. Ìyá àgbà sì wà lábúlé tàbí ní ìlú mìíràn. Nítorí náà, bí ilé-ìwé kò bá fún ọmọ Arepo ní àlọ́, ó ṣeé ṣe kó má gbọ́ ọ níbòmíràn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àlọ́, tí kì í ṣe ìtàn mìíràn? Ẹ̀rí wà fún un. Frederic Bartlett, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ní Cambridge, sọ nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1932 bí òun ṣe fún àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ní àlọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà kà, tó sì ní kí wọ́n tún un sọ. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, wọ́n mọ̀wé kà dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n da àlọ́ náà rú. Ọkọ̀ ìgbájá di ọkọ̀ ojú omi irú tiwọn, ẹja pípa rọ́pò ọdẹ ẹran inú òkun, àwọn mìíràn sì gbàgbé àwọn iwin tó jẹ́ orí ìtàn náà pátápátá. Lọ́dún 1988, Donna Recht àti Lauren Leslie tún fún àwọn ọmọ ilé-ìwé 64 ní Amẹ́ríkà ní ìtàn kà nípa eré baseball. Àwọn tí kò mọ̀wé kà púpọ̀ àmọ́ tí wọ́n mọ eré náà dunjú rántí ìtàn ọ̀hún ju àwọn tó mọ̀wé kà tí wọn ò mọ eré náà. Ohun tí ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni òye rẹ̀ ń dúró lé. Ọmọ tí wọ́n fún ní ìtàn yìnyín àti ẹ̀wù òtútù yóò kọ́kọ́ jà láti mọ ohun tí yìnyín jẹ́ kó tó ráyè ro ohun tí ọmọ inú ìtàn ń rò. Iṣu, oko, ìyàn, ọba àti ìránṣẹ́ rẹ̀ kò ní í gba irú ìjà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tó ń jẹ iṣu, tó sì ń rí kábíyèsí lórí tẹlifíṣọ̀n.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú un yé ni. Ẹ mú àlọ́ Ìjàpá àti Ajá tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Ìyàn mú, Ajá mọ oko kan tí iṣu wà, Ìjàpá bẹ̀ ẹ́ títí ó fi mú un dání. Ajá wa ìwọ̀nba tó lè gbé, ó sá lọ. Ìjàpá wa èyí tó ju agbára rẹ̀ lọ, ẹrù wọ̀ ọ́ lọ́rùn, olóko bá a níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ ọba, ó ní Ajá ló mú òun lọ. Ajá ti délé, ó ti dùbúlẹ̀, ó da aṣọ bora, ó sì ti ju ẹyin tútù sẹ́nu. Bí àwọn ìránṣẹ́ ṣe wọlé, ó kérora, ó fọ́ ẹyin náà mọ́nu, ó sì ń dà jáde bí èébì. Wọ́n ní ẹni tí ara rẹ̀ kò yá báyìí kò lè lọ sóko olóko, Ìjàpá nìkan ló sì jìyà.

Wàyí o, ká ní ayàwòrán fẹ́ ya ìran ẹyin yẹn. Bó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò ní í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ lè má ju pé Ajá dùbúlẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ ọba sì kanlẹ̀kùn. Àwòrán ni yóò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ajá tó wú hàn, tí adìyẹ kan yóò sì dúró ní igun ilé, tó ń wo ìtẹ́ rẹ̀ tó ṣófo. Kò sí ibì kan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé Ajá jí ẹyin. Ọmọ ló máa so ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ̀ mọ́ ìtẹ́, kó so ìtẹ́ pọ̀ mọ́ ìránṣẹ́ ọba tó ń bọ̀, kó tó mọ̀ pé ẹ̀tàn fẹ́ ṣẹlẹ̀. Àkàyé gan-an nìyẹn: mímọ ohun tí òǹkọ̀wé kò kọ nípasẹ̀ ohun tó kọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò tíì lè ka ọ̀rọ̀ gígùn lè ṣe é lójú àwòrán yìí, lédè tó gbọ́, kó tó di pé ọjọ́ orí rẹ̀ tó ìwé tí kò ní àwòrán.

Ọwọ́ olùkọ́ ni ìyókù wà. Bó bá béèrè pé "Ṣé ó yé yín?" gbogbo kíláàsì yóò pariwo "Yẹ́sì mà," kò sì mọ ohunkóhun ju bó ṣe mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ìbéèrè tó ń ṣiṣẹ́ kì í ṣeé fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Kí ló wà lẹ́nu Ajá? Ibo lo ti rí i? Kí ni àwọn ìránṣẹ́ yìí rò pé ó ń ṣe Ajá? Kí ni Ajá mọ̀ tí wọn ò mọ̀? "Ibo lo ti rí i" yìí ni mo ka sí jù nínú gbogbo wọn, torí ó ń kọ́ ọmọ láti fi ìka tọ́ka sí ẹ̀rí lójú ìwé dípò kó máa méfò. Orin inú àlọ́ tún ń ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ń padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, nígbà tó bá fi máa dé ìgbà ìkẹta, ọmọ tó ń wọ́ ọ̀rọ̀ nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ yóò ti máa kà á bó ṣe ń sọ ọ́.

Ibí yìí kan náà ni ìwé kíkọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù ba ọmọ nínú àròkọ ni ojú ìwé funfun tí wọ́n kọ "Ilé-ìwé Mi" sí lókè, tí kò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ bá fi bébà bo ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán, tó ní kí ọmọ kọ gbólóhùn kan tó yẹ ibẹ̀, ohun tí yóò kọ ti wà níwájú rẹ̀. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dúró lórí pẹ́ńsù, kó sọ gbólóhùn rẹ̀ lẹ́nu, kí olùkọ́ kọ ọ́ sí pátákó, kí ọmọ kà á padà, kó sì dà á kọ. Lẹ́yìn èyí ni a ó bi í pé: kí ni Ìjàpá sọ fún ọba nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ dé láìmú Ajá bọ̀? Àlọ́ kì í sábà sọ ọ́. Ọmọ tó bá kọ gbólóhùn mẹ́ta sí ẹnu Ìjàpá níbẹ̀ ti ro ọ̀rọ̀, ó ti tò ó, ó sì ti gba ojú ẹlòmíràn wo nǹkan. Kí olùkọ́ má fi pẹ́ńsù pupa bo iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àmì ohùn àti ìdánudúró lè dúró de ìgbà tí yóò tún un kọ.

Àwọn kan tó mọ̀ nípa ìwé kíkà yóò ní àwòrán ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ, pé yóò máa wo àwòrán láti fi méfò ọ̀rọ̀ dípò kó ka lẹ́tà. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ fojú kéré rẹ̀. Ọmọ tó rò pé ẹṣin ló wà nínú àwòrán tó sì ka "kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́" sí "ẹṣin" kò tíì kàwé. Ìdí nìyẹn tí àkókò ìró lẹ́tà fi gbọ́dọ̀ dá wà, kí àkókò àlọ́ náà sì dá wà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ta ọmọ lẹ́nu, lẹ́tà ni ká ní kó wò. Bó bá ku ìtumọ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwòrán àti gbólóhùn ni yóò jọ wò.

Àtakò tó lágbára jù ni ti èdè. Òbí ní Gẹ̀ẹ́sì lòun ń san owó fún, ìjọba náà sì ti gbà pẹ̀lú rẹ̀: ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Tunji Alausa, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n lò láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Ìrírí Ilé-Ifẹ̀ kò gbe èrò yẹn. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ní olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó kúrò lórí Yorùbá lẹ́yìn ọdún kẹta, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta wọ́n yọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé ìlànà tuntun yìí náà kò ní ìdí láti pa àlọ́ tì. Yorùbá ṣì lè jẹ́ iṣẹ́ kan nínú kíláàsì, ọmọ tó sì ti kọ́ láti béèrè "ibo lo ti rí i" lédè kan yóò gbé e lọ sí èdè kejì.

Arepo kì í ṣe ti ọmọ Yorùbá nìkan, mo mọ̀. Ọmọ Ìgbò ní kíláàsì náà ní Mbe tirẹ̀, ìjàpá náà ni. Ọmọ Haúsá ní Gizo, ọmọ Gánà ní Ananse, alántakùn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni àwọn méjèèjì. Kí olùkọ́ ní kí wọ́n mú tiwọn wá, kí wọ́n sì kọ ọ́. Àwọn òbí tó ń bẹ̀rù pé àlọ́ ń kọ́ ọmọ ní ìbọ̀rìṣà, ohun tí èmi yóò tọ́ka wọn sí ni orí kẹsàn-án ìwé Àwọn Onídàájọ́, níbi tí Jótámù ti pàlọ́ àwọn igi tó fẹ́ fi ọba jẹ, àti Súúrà kẹtàdínlọ́gbọ̀n nínú Àlùkùránì, níbi tí èèrà ti sọ̀rọ̀. Ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ kò ba ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ìbẹ̀rù tó nídìí ju ìyẹn lọ ni pé Ajá jalè, ó purọ́, ó sì mú un jẹ. Kò yẹ ká fi ìyẹn pa mọ́ fún ọmọ. Ẹ bi í bóyá ohun tí Ajá ṣe dára, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan ní ó dára, kí ẹlòmíràn ní kò dára, kí kálukú sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tó ń wá ìdí fún ìdájọ́ ara rẹ̀ ti ń kọ́ ìwà, ó sì tún ń kọ́ àròkọ.

Ìwé pẹ̀lú kò ṣòro láti rí tó bí a ṣe rò. J. F. Ọdúnjọ, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta, ti fi ìwé Aláwíyé lélẹ̀ fún wa. Adébóyè Babalọlá kó àlọ́ Ìjàpá jọ sínú ìwé tó jáde lọ́dún 1973. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, African Storybook láti South Africa àti StoryWeaver láti Íńdíà ní ìwé ìtàn aláwòrán tí èdè Yorùbá wà lára rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì gbà kí olùkọ́ tẹ̀ ẹ́, kó tú u, kódà kó yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kí ọmọ fi tirẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé-ìwé ní Arepo, Mowe, Ibafo àti Ifọ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ orúkọ ìwé tí òbí yóò rà fún sáà tó ń bọ̀, ẹ fi ìwé àlọ́ aláwòrán kan sí i láti kíláàsì kìíní dé ìkẹta, kẹ́ ẹ sì yọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní òwúrọ̀ tí orí ọmọ ṣì fúyẹ́. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá mú gbólóhùn mẹ́ta tó kọ wálé, ẹ má kọ́kọ́ wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ẹ ní kó kà á fún yín, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè ìdí tó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.