Bí Ọmọ Titun Ṣe Ń Dá Ojú Ìyá Rẹ̀ Mọ̀

Ẹ̀yin aboyún, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ titun, àti ẹ̀yin agbẹ̀bí,

Àwọn kan a máa sọ pé ọmọ titun kò ríran rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti bí ọmọ ni ó ti ń ríran, ojú ènìyàn sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó fẹ́ràn jù láti máa wò. Ṣùgbọ́n ìríran rẹ̀ kò tí ì mọ́ gaara bí ti àgbà. Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ó ń rí, nítorí pé bí nǹkan bá dí i lójú ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, àdánù náà lè bá a dàgbà.

Ní èdè wa, orúkọ kan náà ni a ń pe ojú tí a fi ń ríran àti ojú tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, a ó máa pe èyí tí a fi ń ríran ní ẹyinjú.

KÍ NI ỌMỌ TITUN Ń RÍ?

Ẹ mú aṣọ méjì. Kí ọ̀kan ní ilà dúdú àti funfun tí ó fẹ̀. Kí èkejì ní ilà tín-ín-rín tí ó sún mọ́ ara wọn. Ẹ gbé àwọn méjèèjì jìnnà. Ẹ ó ṣì máa rí ilà tí ó fẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ilà tín-ín-rín yóò ti dà pọ̀, aṣọ náà yóò sì dà bí aláwọ̀ eérú lásán.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ojú ènìyàn ní ohun ńlá àti ohun wẹ́wẹ́ lára. Ohun ńlá ni ibi tí irun ti pàdé iwájú orí, ẹyinjú méjèèjì, imú àti ẹnu. Ohun wẹ́wẹ́ ni irun ìpéǹpéjú, ilà ojú, àti ìhunjọ awọ ara. Ohun ńlá nìkan ni ẹyinjú ọmọ titun lè mú.

Ẹ má ṣe rò pé èyí kéré. Bí ẹnìkan bá ń bọ̀ láti òkèèrè nínú kùrukùru ọyẹ́, ẹ kò rí ilà ojú rẹ̀, síbẹ̀ ẹ ti mọ ẹni tí í ṣe.

Ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Wọ́n fi ìyá ọmọ àti obìnrin mìíràn han ọmọ. Ojú ìyá rẹ̀ ni ọmọ wò pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin méjèèjì fi gèlè bo irun orí wọn, ọmọ kò mọ èwo ni ìyá rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2008, ìwádìí mìíràn fi hàn pé àwọn ohun ńlá ojú ni ọmọ ọlọ́jọ́ díẹ̀ fi ń dá ojú mọ̀.

KÍ NI KÍ Ẹ ṢE?

1. Ẹ sún ojú yín mọ́ ọmọ, ní ìwọ̀n sẹ̀ńtímítà 20 sí 30. Kò ju gígùn rúlà ọmọ ilé-ìwé lọ. Ibẹ̀ náà ni ojú yín máa ń wà bí ẹ bá ń fún un lọ́mú.

2. Ẹ jókòó sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn sí ojú yín, kì í ṣe sí ẹ̀yìn yín.

3. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ bí ó ti ń wò yín. Ó ti ń gbọ́ ohùn yín láti inú oyún.

4. A kò ní kí ẹ má wé gèlè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti òde dé tí ọmọ sì ń wò yín bí àlejò, ẹ má ṣe bínú. Ẹ sọ̀rọ̀ sí i.

BÍ FUNFUN BÁ WÀ NÍNÚ ẸYINJÚ Ń KỌ́?

A máa ń bí àwọn ọmọ mìíràn pẹ̀lú ohun funfun tí ó dí ọmọlójú wọn. Àrùn rùbẹ́là tí ó mú ìyá ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún wà lára ohun tí ń fa èyí.

Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ ní Kánádà kọ̀wé nípa ènìyàn 14 tí a bí bẹ́ẹ̀. Oṣù 2 sí 6 ni wọ́n lò kí a tó yọ ohun náà. Nígbà tí a dán wọn wò, wọ́n ti lo ọdún mẹ́sàn-án ó kéré tán tí wọ́n ti ń ríran. Síbẹ̀, bí àyè tí ó wà láàárín ẹyinjú méjèèjì, tàbí láàárín ẹyinjú àti ẹnu, bá yàtọ̀ díẹ̀ nínú àwòrán ojú méjì, wọn kò lè dá ìyàtọ̀ náà mọ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ kò rí i pé ojú ìyá tí ọmọ ń wò ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, bí kò tilẹ̀ mọ́ gaara, ẹ̀kọ́ ni fún ọpọlọ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró wò ó. Bí ohun tí ó dí ẹyinjú náà bá ki, àwọn dókítà a máa fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kí ọmọ tó ju ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lọ. Ọmọlójú funfun sì lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ inú ẹyinjú, èyí tí ó lè pa ọmọ. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ bá rí:

– funfun nínú ọmọlójú, ìbáà ṣe ẹyọ kan;
– ẹyinjú tí ń mì láìdúró;
– ọmọ tí ó pé oṣù mẹ́ta tí kò tẹjú mọ́ yín, tí kò sì fi ojú bá yín lọ bí ẹ ti ń rìn.

Ẹ má ṣe kán àgbo, omi ọmú, tàbí ìtọ̀ sí i lójú.

FÚN Ẹ̀YIN AGBẸ̀BÍ

Ẹ yẹ ẹyinjú gbogbo ọmọ wò kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò nígbà tí ó bá padà wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí a fi ń tan iná wo inú ẹyinjú, ẹ lò ó nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí yóò dà padà níláti pọ́n tàbí kí ó ní àwọ̀ ọsàn, kí ti ọ̀tún sì bá ti òsì mu. Bí ọ̀kan bá dúdú tàbí tí ó funfun, ẹ kọ ìwé fún ìyá lọ́jọ́ náà gan-an kí ó gbé ọmọ lọ rí dókítà ojú. Ẹ má ṣe sọ pé kí ó padà wá ní oṣù tí ń bọ̀.

Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín rí ojú yín dáadáa, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹyinjú tí yóò fi rí yín mọ́.