Ṣé O Mọ̀? Hella Haasse, Ọmọ Tí Wọ́n Bí sí Java

Ṣé o mọ̀ pé nínú ìwé tó sọ Hella Haasse, òǹkọ̀wé ará Nẹ́dálándì, di olókìkí, ọmọ òyìnbó tó ń sọ ìtàn náà kò lórúkọ? A ka ìwé náà tán, a ò mọ ohun tí wọ́n ń pè é nílé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ onílẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ bàbá ọmọ òyìnbó náà nínú oko tíì ní Java, ló lórúkọ: Oeroeg. Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fi sọ ìwé náà. Lójú tèmi, kò sí ohun tí Haasse ṣe tó lágbára tó èyí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn òyìnbó kọ nípa ilẹ̀ tí wọ́n gbà, onílẹ̀ ni kì í lórúkọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n pín in? Ní Ọ̀sẹ̀ Ìwé ọdún 1948, àwọn tó ń tàwé ní Nẹ́dálándì fi ta àwọn oníbàárà lọ́rẹ, láìkọ orúkọ òǹkọ̀wé sí i, kí àwọn tó kà á lè máa méfò ẹni tó kọ ọ́. Ogun sì ń lọ lọ́wọ́ ní Java. Indonéṣíà, tí Java jẹ́ apá kan rẹ̀, ti kéde òmìnira kúrò lábẹ́ Nẹ́dálándì ní oṣù Kẹjọ 1945, Nẹ́dálándì sì ń kó ọmọ ogun lọ síbẹ̀. Oṣù Kejìlá 1949 ni wọ́n tó jọ̀wọ́ ilẹ̀ náà. Ronú nípa ìyá tó gba ìwé yẹn lọ́wọ́ òǹtàwé, tí ọmọ rẹ̀ sì ń gbé ìbọn kiri ní Java. Ohun tó máa kà níparí rẹ̀ ni pé ọmọ òyìnbó náà pa dà síbi adágún tí bàbá Oeroeg kú sí nítorí tirẹ̀, ó bá ọkùnrin kan pàdé tó mú ìbọn lọ́wọ́, kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé Oeroeg ni.

Batavia, tí a ń pè ní Jakarta lónìí, ni wọ́n ti bí Haasse ní 2 oṣù Kejì 1918. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀, òun náà sì kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nígbà tó yá. Ní 1938 ni ọmọbìnrin náà lọ kàwé ní Amsterdam, kò sì tún fojú kan Java títí di 1969. Ìrántí nìkan ló fi kọ òkè àti adágún inú Oeroeg.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ta ko Oeroeg? Tjalie Robinson, òǹkọ̀wé tí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó àti ti onílẹ̀ pọ̀ lára rẹ̀, bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé náà lọ́dún tó jáde gan-an. Mo gbà pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ọmọ ọ̀gá kì í rí gbogbo ohun tó ń lọ nínú agboolé.

Nígbà tí Haasse wá kọ ìwé nípa oko tíì Gambung ní Java ní 1992, lẹ́tà ìdílé tó dá oko náà sílẹ̀ ló gbé e kà. Wọ́n ṣì ń gbin tíì níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ó ti pé ẹni ọdún 84 nígbà tí ìwé rẹ̀ "Sleuteloog" jáde ní 2002? Obìnrin àgbàlagbà kan ló wà nínú rẹ̀, àpótí kan wà nílé rẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù, wọ́n sì ń bi í nípa ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dàgbà ní Java. Bó ti ń rántí, bẹ́ẹ̀ ló ń rí i pé òun kò mọ ọ̀rẹ́ náà tó. Ọdún 54 ló wà láàárín Oeroeg àti ìwé yìí, Haasse kò sì tíì jáwọ́ nínú ìbéèrè kan náà: ṣé òun mọ ọ̀rẹ́ òun rí?