Bí Ọmọ Wa Yóò Ṣe Múra fún Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Iṣẹ́ Ilé Oògùn

 

Àlàyé tí a fẹ́ ṣe lóṣù yìí kì í ṣe ti èlé, kì í sì í ṣe ti owó ìfipamọ́, ṣùgbọ́n ó kan owó ẹgbẹ́ gbọ̀ngbọ̀n. Owó ilé-ìwé ọmọ wà lára ohun tí a máa ń torí rẹ̀ yá owó. Ẹlòmíràn ń ta ata, ẹlòmíràn ń ta aṣọ, ó fi ẹ̀yáwó rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera, bí irú èyí tó wà ní Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn tàbí ní Yábàá l'Ékòó, kí ó lọ kọ́ṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ apòògùn, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní tẹkiníṣíàn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni. Nígbà tí ọmọ parí, ilé ìwòsàn tàbí ilé oògùn ńlá kan kọ̀wé pè é pé kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí í ṣe íntáfíù. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn mìíràn ti ń ṣubú. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀wé o. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń wá lọ́wọ́ wọn ni. Bí ọmọ bá sì padà wá jókòó sílé, àti òbí tó yáwó, àti àwọn onídùúró tó fọwọ́ síwèé, kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ kókó rẹ̀ ná. Àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá ọmọ yín lẹ́nu wò kò wá gẹ̀ẹ́sì ńlá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn lè fi oògùn sí i níkàáwọ́. Ẹni tó bá ń méfò kò yẹ nídìí oògùn. Ẹni tó bá mọ ohun tó mọ̀, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kó béèrè, òun ni wọ́n ń wá.

IBI TÍ IṢẸ́ RẸ̀ MỌ

Apòògùn ló ni àṣẹ nínú ilé oògùn. Òun ló ń yẹ ìwé tí dókítà kọ wò, òun ló sì ń dáhùn fún ohun tó bá jáde níbẹ̀. Tẹkiníṣíàn ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó ń gba ìwé lọ́wọ́ aláìsàn, ó ń ka oògùn, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń kọ lébẹ́ẹ̀lì, ó ń to oògùn sórí pẹpẹ, ó sì ń kọ èyí tó wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé. Kò gbọdọ̀ dá pààrọ̀ oògùn tí dókítà kọ, kò sì gbọdọ̀ sọ ara rẹ̀ di dókítà.

Bí wọ́n bá wá bi í pé, "Kí ni iṣẹ́ tẹkiníṣíàn?", ìdáhùn rẹ̀ ní láti ní apá méjì: ohun tó ń ṣe, àti ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ. Kó má ṣe gbàgbé apá kejì.

ÌWÉ TÓ YẸ KÓ MÚ DÁNÍ

Ìgbìmọ̀ tí òfin fi jẹ alábòójútó iṣẹ́ oògùn ní Nàìjíríà ni PCN. Òfin tuntun tí wọ́n ṣe ní 2022 ni ìgbìmọ̀ náà ń lò báyìí. Abẹ́ rẹ̀ ni apòògùn wà, abẹ́ rẹ̀ ni tẹkiníṣíàn wà, abẹ́ rẹ̀ náà sì ni àwọn tó ní ìsọ̀ oògùn kéékèèké láàárín wa wà. Kí ọmọ yín mú ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìwé ìforúkọsílẹ̀ PCN, ìwé àṣẹ ti ọdún tí a wà nínú rẹ̀, ìwé ẹ̀rí WAEC tàbí NECO, àti ìwé ọjọ́ ìbí. Kó mú ojúlówó dání, kó sì ṣe fọ́tókópì wọn. Orúkọ tó wà lórí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ọ̀kan bá ń jẹ́ Adébáyọ̀, tí èkejì ń jẹ́ Báyọ̀, kó ti lọ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù kí ọjọ́ náà tó pé.

ÌṢIRÒ

Àwa ọlọ́jà mọ̀ pé ẹni tí kò mọ ìṣirò, ọjà á jẹ ẹ́ lówó. Ti oògùn le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ara èèyàn ni gbèsè rẹ̀ wà.

Àwọn àmì kan wà tí dókítà máa ń kọ. B.d. ni ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, t.d.s. ni ẹ̀ẹ̀mẹta, q.d.s. ni ẹ̀ẹ̀mẹrin. Nocte ni alẹ́, stat ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, p.r.n. sì ni ìgbà tí aláìsàn bá nílò rẹ̀. Kó mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ owó.

Ẹ wo àpẹẹrẹ mẹ́ta. Èkíní, oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní artemether-lumefantrine, oníwọ̀n 20/120. Àgbàlagbà ń lo hóró 4, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ 3. Mẹ́rin lọ́nà méjì lọ́nà mẹ́ta, 24 ni. Bí ọmọ bá fi kún un pé wákàtí 8 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ ni a ń lo ìkejì, pé kí á lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá díẹ̀, àti pé kí aláìsàn má ṣe dá a dúró nítorí pé ara ti tutù lọ́jọ́ kejì, wọ́n á mọ̀ pé iṣẹ́ yé e.

Èkejì, oògùn olómi fún ọmọdé: mililítà 5, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún ọjọ́ 5. Mililítà 75 ni. Ṣùgbọ́n ìgò tó wà lórí pẹpẹ jẹ́ mililítà 60. Ìgò mélòó ni yóò fún ìyá ọmọ? Méjì ni. Bó bá fún un ní ẹyọ kan, oògùn á tán lọ́jọ́ kẹrin, ọjọ́ karùn-ún á sì lọ lófo.

Ẹ̀kẹta, amoxicillin tó ní miligíráàmù 125 nínú mililítà 5. Dókítà kọ miligíráàmù 250. Mililítà 10 ni ọmọ aláìsàn máa mu lẹ́ẹ̀kan. Ṣíbí tó bá oògùn wá ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀, torí ṣíbí ilé kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti ilé kejì. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń pò ó, omi tí a sè tí ó ti tutù ni a ń bù sí i dé ojú àmì. Kó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má lò ó kọjá iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò.

PẸPẸ ÀTI FÍRÍÌJÌ

Wọ́n lè bi í pé oògùn wo ló ń gbé inú fíríìjì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà níbẹ̀, insulin tí àwọn onítọ̀ ṣúgà ń lò tí wọn kò tíì ṣí náà wà níbẹ̀. Ìwọ̀n òtútù wọn wà láàárín 2 sí 8. Kì í ṣe ibi tí omi ti ń di yìnyín o! Insulin tó bá ti dì ti bàjẹ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ tún yọ́ padà.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé, "Bí iná bá lọ ńkọ́?" Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe àlọ́ nílẹ̀ wa. Kó dáhùn pé òun kò ní máa ṣí fíríìjì ṣáá, òun á wo òǹka ìwọ̀n òtútù, òun á kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago, òun á sì sọ fún apòògùn kíá kí wọ́n lè kó oògùn sínú àpótí oníyìnyín bó bá pẹ́.

Ti títo ọjà, oníbúrẹ́dì nínú wa mọ̀ pé búrẹ́dì àná ni à ń kó síwájú kí tòní tó tẹ̀lé e. Oògùn yàtọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tó dé ni à ń wò, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ ni. Èyí tó dé lónìí lè bàjẹ́ ṣáájú èyí tó dé lóṣù tó kọjá. Èyí tó máa kọ́kọ́ bàjẹ́ ni kó wà níwájú.

OÒGÙN AYÉDÈRÚ

NAFDAC, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ló ń fún oògùn ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Kí ọmọ yín lè mú páálí kan lọ́wọ́ kó fi hàn wọ́n: nọ́ńbà NAFDAC rèé, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é rèé, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ rèé, orúkọ àti àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ rèé, nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é rèé. Lára àwọn oògùn mìíràn, ibì kan wà tí a ń họ, tí nọ́ńbà wà lábẹ́ rẹ̀ tí a ń tẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù láti mọ ojúlówó. Láti 2010 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìyẹn.

Bí wọ́n bá bi í pé kí ni à ń fi nọ́ńbà ìpele ṣe, kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìparí 2008 wọ 2009. Oògùn olómi kan tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín ní májèlé kẹ́míkà diethylene glycol nínú, ó sì pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Nígbà tí irú aburú bẹ́ẹ̀ bá dé, nọ́ńbà ìpele la fi ń mọ ìgò tí a ó kó kúrò lórí pẹpẹ. Ilé oògùn tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ńṣe ni wọ́n á máa táràrà.

ÌBÉÈRÈ TÍ WỌ́N FI Ń DÁN ÌWÀ WÒ

"Oníbàárà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọ̀gá ní kí o fún òun ní oògùn ikọ́ oní-codeine, kò mú ìwé dókítà wá." Kó rántí pé ní oṣù Karùn-ún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oní-codeine àti kíkó o wọ̀lú. Kó kí ẹni náà dáadáa, kó ní òun kò lè ṣe é, kó sì pe apòògùn.

"Ọwọ́ dókítà kò ṣeé kà ńkọ́?" Orúkọ oògùn méjì wà: chlorpromazine àti chlorpropamide. Lójú ẹni tó ń kánjú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀, èkíní wà fún àìsàn ọpọlọ, èkejì wà fún ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tó bá fún aláìsàn tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà ní èkejì yìí lè dá a kú. Kò sí "mo rò pé" nínú rẹ̀. Kó mú un lọ bá apòògùn, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

"Ìyá Ìbejì méjì jókòó, o pe Ìyá Ìbejì, àwọn méjèèjì dìde." Orúkọ gidi ni kó fi pè wọ́n, kó tún béèrè ọjọ́ orí àti àdúgbò, kí oògùn tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"O ti fún ẹnì kan ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì ti lọ." Èyí ló le jù. Ọmọ tó bá ní irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ sí òun láéláé ti purọ́, wọ́n sì mọ̀. Kó ní òun á sọ fún apòògùn lójú ẹsẹ̀, àwọn á wá nọ́ńbà fóònù aláìsàn náà kí ó má bàa lò ó, àwọn á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí oògùn kọ́ ni à ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀.

Bí ìbéèrè kan bá sì wá ju agbára rẹ̀ lọ, kó ní, "N kò mọ ìyẹn, mà, apòògùn ni n ó bi." Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

OWÓ ẸGBẸ́ KÌ Í ṢE OWÓ RÌBÁ

Ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó gbà á. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé kí ẹ mú owó wá kí òun fi bá yín "rí" ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́, ẹ má ṣe torí rẹ̀ yáwó. Iṣẹ́ tí a fowó rà kò ní rìsíìtì. Bí ẹni náà bá sá lọ, ẹ̀yin àti onídùúró yín lẹ ó jọ máa san án. Owó tí ẹ bá ní lọ́wọ́, ẹ fi tún ìwé àṣẹ ọmọ ṣe, ẹ fi ra ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ àti bàtà tó ṣeé wọ̀, kí ẹ sì fún un lówó ọkọ̀ kó lè tètè dé.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE NÍLÉ

Ẹni tí kò kàwé nínú wa lè ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ní alẹ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti màmá àgbà jáde, ẹ kó ti ibà àti ti ikọ́ tó wà nílé sí i. Ẹ ní kó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó ṣàlàyé ní Yorùbá: kí ni èyí wà fún, mélòó ni, ìgbà wo, kí ni a kò gbọdọ̀ lò mọ́ ọn, ọjọ́ wo ni yóò bàjẹ́. Ẹ má gba gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ̀. Ibi tí kò bá yé yín, ẹ dá a dúró kó tún un sọ. Irú yín ni yóò máa bá pàdé lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́ náà, irú àlàyé yẹn sì ni wọ́n lè ní kó ṣe lójú wọn. Bí ó bá yé màmá àgbà, ọmọ ti ń múra tán nìyẹn.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
Akọ̀wé.